Ta Ni Kò Lè Kọ̀ fún Ọ?

Búrẹ́dì ló dá ìjà sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ̀ nínú ilé náà pé ọ̀rọ̀ kì í ṣe ti búrẹ́dì. Bàbá gé tirẹ̀ nípọn, ó wo ìwọ̀nba tó kù nínú ọ̀rá, ó ní, "Èyí la ó jẹ dalẹ́?"

Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Aránṣọ, ń bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Ife onígíláàsì méjì ló wà níwájú rẹ̀, ó ń fi iyọ̀ fọ̀ wọ́n. Ó bu iyọ̀ sórí aṣọ tó rin díẹ̀, ó ra inú wọn, ó ra ìdí wọn, ó ra etí wọn, títí wọ́n fi ń dán yanran. Bó ṣe máa ń fọ gíláàsì láti ìgbà ọmọdé nìyẹn, kò sì gbà pé ọṣẹ kankan lè ṣe ohun tí iyọ̀ ń ṣe. Omi kò tíì yọ lẹ́nu ẹ̀rọ láàárọ̀ yẹn, nítorí náà kò fi omi ṣan wọ́n. Ó kàn fi aṣọ gbígbẹ nù wọ́n, ó gbé wọn sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Àwọn àlejò ń bọ̀ wá tẹjú mọ́ ife wọ̀nyẹn lọ́sàn-án, kò sì fẹ́ kí ojú ti ọmọ òun.

"Mo ní ṣé èyí la ó jẹ dalẹ́?"

"Ẹ jẹ èyí tó wà lọ́wọ́ yín tán ná."

Ọmọbìnrin wọn wà nínú yàrá, ó ń de bọ́tìnnì aṣọ funfun tí ilé iṣẹ́ fún un. Ẹ̀rọ kan tó ń sẹ́ omi, tí wọ́n ń pè ní fíltà, ló ń tà. Àwọn ará ilé ti sọ ọ́ ní Sísí Fíltà, òun náà sì ti ń jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ ọ̀hún kò ní owó oṣù kankan àfi téèyàn bá kọ́kọ́ ta fíltà mẹ́ta. Ó ti ta méjì. Òní ni àkókò tí wọ́n fún un ń pin. Bí kò bá ta ẹ̀kẹta kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n á gba aṣọ funfun lọ́rùn rẹ̀, gbogbo ìrìn tó ti rìn á sì di òfo. Ọ̀rọ̀ kò tiẹ̀ mọ síbẹ̀. Kí wọ́n tó gbé fíltà tó fi ń pàtẹ lé e lọ́wọ́, wọ́n gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, ìyá rẹ̀ ló sì wá owó náà. Ó ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kejì, èyí tó fi ń wé etí aṣọ, fún aránṣọ kan ní òpópónà kejì. Obìnrin yẹn ní bí owó bá wà nílẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdé, òun á dá ẹ̀rọ padà. Bó bá ti kọjá Mọ́ńdé, kí ó gbàgbé ẹ̀.

Bàbá gbóhùn sókè kí ọmọ tó wà nínú yàrá lè gbọ́. "Mo wakọ̀ fún ilé iṣẹ́ títí irun mi fi funfun. Kò sí ọjọ́ kan tí wọ́n ní kí n ra mọ́tò kí wọ́n tó jẹ́ kí n wà á. Irú iṣẹ́ wo lèèyàn ń fowó ẹ̀ rà?"

"Nígbà tí wọ́n wá lé yín," ni Ìyá Aránṣọ wí, kò gbójú kúrò lára ife, "mọ́tò mélòó lẹ wà bọ̀ wálé?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Bàbá dénú egungun. Ó gbé búrẹ́dì sílẹ̀, ó nawọ́ sí rédíò rẹ̀, ó tàn án, ó tún pa á. Ìyàwó rẹ̀ mọ̀ pé òun ti sọ àsọjù, ṣùgbọ́n bíbẹ̀bẹ̀ ti sú u nínú ilé yẹn. Ó da aṣọ bo ife méjèèjì kí eruku má bàa bà lé wọn.

Sísí Fíltà jáde síta. "Bàámi, Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jà nítorí mi. Màá tà á lónìí."

"Ta lo fẹ́ tà á fún?" Bàbá bi í. "Àbúrò ìyá ẹ rà á, kò gbé fóònù wa mọ́. Tíṣà òkè rà á, bí mo bá kí i báyìí, ńṣe ló ń wò mí bíi pé mo jí i lápò. Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Pè é níṣojú mi."

Ọmọ náà pè é. Ẹ̀gbọ́n Bàbá gbé e, ohùn rẹ̀ bú jáde nínú fóònù: "Ìkíni ni, àbí fíltà?"

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ìkíni ni, sà."

"Ó dáa, mo jẹ́ ẹ. Ṣé dáadáa lẹ wà?"

"Dáadáa la wà, sà. Àmọ́—"

"Mo mọ̀! Mo mọ̀ pé 'àmọ́' ń bọ̀ lẹ́yìn!" Fóònù sì kú.

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́. Ìyá Aránṣọ pàápàá fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọmọ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé báàgì fíltà rẹ̀ kọ́ èjìká, ó wọ bàtà gíga tó ń bó o lẹ́sẹ̀, ó ní òun á wá gbìyànjú lọ́dọ̀ àwọn àjèjì ná, bóyá kò ní di pé àwọn ń yọ ará ilé lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n gba ọmọ yìí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sí iṣẹ́, kò sí ẹni tó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń bá àjèjì sọ̀rọ̀. Ọ̀gá wọn jẹ́ ọkùnrin kan tó máa ń so táì nínú oòrùn nínú òjò, wọ́n sì ń pè é ní Ọ̀gá Táì lẹ́yìn rẹ̀. Ó dúró níwájú wọn, ó ní, "Ta ni kò lè kọ̀ fún ọ? Pariwo ẹ̀ kí n gbọ́!" Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n pariwo. Ìyá mi! Àǹtí mi! Ẹ̀gbọ́n bàbá mi! Ó ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ara wọn, nítorí wọ́n ti rí oníbàárà wọn àkọ́kọ́. Ẹ gbọ́ o! Àwọn kan jókòó sínú ọ́fíìsì tí afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ sí, wọ́n rò ó sókè, wọ́n rò ó sódò, wọ́n rí i pé ìfẹ́ tí ìyá ní sí ọmọ, ọjà gidi ni. Wọn ò wá ẹni tó mọ ọjà tà rárá. Ẹni tó ní ẹbí ni wọ́n ń wá. Tí ẹbí ọmọ kan bá tán, wọ́n á lé e, wọ́n á gba òmíràn tí ẹbí tirẹ̀ ṣì pé. Wọ́n á wá máa sọ lórí rédíò pé àwọn ń fún ọ̀dọ́ níṣẹ́.

Sísí Fíltà kan ilẹ̀kùn títí ìka fi ń dùn ún. Ilé kan tú ajá sí i. Obìnrin kan yọjú lójú fèrèsé, ó ní òun kò sí nílé. Ní ṣọ́ọ̀bù gẹ́rígẹ́rí kan, gẹ́rígẹ́rí náà fa àga fún un, ó ní, "Jókòó, arẹwà. Irú ẹ̀ gan-an ni mo ń wá. Jẹ́ kí n parí orí yìí."

Inú ọmọ náà dùn, ó jókòó. Ó ṣàlàyé bí fíltà ṣe ń ṣiṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń so ó mọ́ ẹnu ẹ̀rọ, bí ìdọ̀tí ṣe ń há sínú rẹ̀. Gẹ́rígẹ́rí parí orí yẹn, ẹlòmíràn jókòó. Ó ní, "Tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n yìí náà gbọ́." Ó tún un sọ. Ẹlòmíràn tún dé, ó tún un sọ. Ohùn rẹ̀ ti ń há. Nígbà tó bi í pé ṣé kí wọ́n wá so ó lọ́jọ́ Túsìdeé, gẹ́rígẹ́rí gbọn irun kúrò lára aṣọ, ó ní, "Ibo ni wọ́n á so ó mọ́? Kò sí ẹ̀rọ omi ní ṣọ́ọ̀bù yìí, inú kẹ́ẹ̀gì la ti ń bu omi. Ohùn ẹ ló ń dùn mọ́ wa, rédíò wa ti bàjẹ́."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ní, "Ẹ ṣé, sà," nítorí wọ́n ti kọ́ wọn pé èèyàn kì í bínú sí oníbàárà. Ìgbà tó dé ẹ̀yìn ògiri kan ló tó bọ́ bàtà, ó dúró láìwọ bàtà lórí ilẹ̀ gbígbóná, ó sunkún ìtìjú. Ó tún ojú ṣe, ó padà sílé.

Omi ti yọ nígbà tó dé. Ìyá rẹ̀ ti se ìrẹsì àti ẹ̀wà, èyí tí wọn ì bá jẹ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, nítorí Ọ̀gá Táì ń bọ̀ fúnra rẹ̀ wá wo ìpàtẹ. Ìyá Aránṣọ ló pe oníbàárà tí wọ́n ń retí náà: Ìyàwó Sójà, tó ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ wọn. Ọkọ rẹ̀ wà lójú iṣẹ́ ní ibi tó jìnnà, òun àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló wà nílé.

"Màámi," ni Sísí Fíltà wí bó ṣe ń so fíltà mọ́ ẹnu ẹ̀rọ inú ilé ìdáná, "ẹni yẹn ò lówó o."

"Ó lówó. Owó tó fẹ́ fi gba ṣọ́ọ̀bù wà lọ́wọ́ ẹ̀."

"Màámi, owó ṣọ́ọ̀bù mà nìyẹn. Ó ti pẹ́ tó ti ń kó aṣọ ọmọdé tó fẹ́ tà níbẹ̀ jọ."

Ìyá rẹ̀ fi síbí sílẹ̀, ó kọjú sí i. "Omi tá à ń mu nílé yìí, ṣé ó dọ̀tí àbí kò dọ̀tí?"

"Ó dọ̀tí, Màámi. Ẹ̀yin náà fojú rí i lọ́jọ́ tí mo ṣe é fún Tíṣà."

"Mo rí i. Mi ò sùn lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ Ìyàwó Sójà yàgbẹ́ lóṣù tó kọjá títí ojú ẹ̀ fi jìn wọnú, ọwọ́ mi ni mo fi gbé e dé ilé ìwòsàn. Tí n bá mọ̀ pé omi ló ń fà á tí mo wá dákẹ́, irú èèyàn wo ni mo jẹ́? Ká ní irọ́ ni, mi ò ní pe ajá wá síbẹ̀, ká má tíì sọ ọmọ èèyàn. Lọ bu omi ẹ, kó o fọkàn balẹ̀."

Ọkàn ọmọ náà balẹ̀ lóòótọ́. Bí ìyá rẹ̀ bá ti sọ nǹkan báyẹn, ó máa ń dà bíi pé ó ti rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá Táì dé, ó jókòó, ó jẹ ìrẹsì àwo kan, ó ní kí wọ́n fún òun sí i. Ó ń pe gbogbo obìnrin ní Mọ́mì, títí kan Ìyàwó Sójà tó ṣeé ṣe kó jẹ́ àbúrò rẹ̀. Tíṣà òkè, ọkùnrin àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì, wá gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ti rà á tẹ́lẹ̀. Bàbá jókòó sí igun, ó rẹ ohùn rédíò sílẹ̀, kò pa á. Ìyàwó Sójà pọn ọmọ rẹ̀, ó jókòó sétí àga bí ẹni tó fẹ́ tètè máa lọ.

Sísí Fíltà gbé àwo pẹlẹbẹ kan jáde láti ilé ìdáná. Ife méjèèjì wà lórí rẹ̀, wọ́n mọ́ gaara. Ó ti bu omi ẹ̀rọ sínú ọ̀kan, ó bu omi tó gba inú fíltà kọjá sínú èkejì, ó sì lẹ bébà pupa mọ́ ti omi ẹ̀rọ kí ó má bàa dà wọ́n rú. Ó gbé àpótí kékeré kan síwájú wọn. Ọ̀pá irin mẹ́rin ló yọ láti ìdí rẹ̀. Ó ki méjì bọ inú ife kan, ó ki méjì bọ inú èkejì.

"Ẹ̀yin èèyàn wa," ló wí, ohùn rẹ̀ ti há díẹ̀, "ojú lásán ò lè rí ohun tó wà nínú omi. Iná á yọ ọ́ síta fún wa. Ẹ fi ojú sí èyí tó ní bébà pupa."

Ó tan iná. Omi tó wà nínú ife bébà pupa bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ó pọ́n, ó rú, nǹkan bí ẹrẹ̀ ń lé sókè nínú rẹ̀. Ìyàwó Sójà ké, "Yéè! Ọlọ́run mi!" Ó fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Sísí Fíltà fẹ́ máa bọ́rọ̀ lọ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ni Tíṣà bá dìde dúró.

"Èkejì ńkọ́?" ni Tíṣà wí. "Ẹ wo èkejì."

Èkejì náà ti pọ́n. Kò pọ́n díẹ̀ o. Ẹrẹ̀ tirẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, ó tún ń hó lójú.

"Ṣé èyí ni omi fíltà?" Tíṣà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó tún un wọ̀. "Mo ra ọ̀kan. Mo fowó mi rà á. Ṣé ohun tí mo ń mu láti ọjọ́ yìí nìyẹn?"

Ọ̀gá Táì sáré yọ wáyà kúrò lára iná, ó rẹ́rìn-ín, ó ní iná ìlú ló ń ṣe ségesège, ó ti ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ níbi púpọ̀. Ó ṣẹ́jú sí Sísí Fíltà, ó gba ilé ìdáná lọ. Ọmọ náà tẹ̀ lé e. Ìyá Aránṣọ tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀.

"Kí lẹ fi fọ ife yẹn?" Ọ̀gá Táì ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n iṣan ọrùn rẹ̀ ti le.

"Iyọ̀ ni," ni Ìyá Aránṣọ wí. "Ó mọ́ tónítóní. Kò sí ìdọ̀tí kankan lára ẹ̀."

"Iyọ̀!" Ó di orí mú. "Mọ́mì, ta ló rán yín níṣẹ́? Tí iyọ̀ bá ti wà nínú omi, ṣebí irin yẹn á máa jẹ ni!"

"Irin wo, sà?" Sísí Fíltà bi í.

"Irin tó wà lára àpótí. Irin ló ń dógùn-ún sínú omi, òun ló ń pọ́n yẹn. Kí lo rò pé ó jẹ́?"

"Ẹ sọ fún wa pé ìdọ̀tí ni, sà. Ìdọ̀tí inú omi."

Ọ̀gá Táì wò ó bí ẹni wo ọmọ tó béèrè ibi tí oòrùn ń sùn. "Omi ẹ̀rọ ní iyọ̀ díẹ̀ nínú, fíltà ń yọ ọ́. Iyọ̀ bíńtín yẹn kò pa ẹnikẹ́ni rí, ṣùgbọ́n òun ló ń jẹ́ kí irin jẹ. Tí kò bá sí iyọ̀, irin ò ní jẹ, omi ò ní pọ́n. Ó tán. Ṣé ẹnì kan á wá fowó ńlá ra fíltà nítorí iyọ̀? Ìdọ̀tí ló ń ta ọjà."

"Omi wa ò dọ̀tí nígbà náà," ni Ìyá Aránṣọ wí.

"Mọ́mì, láti ìgbà wo lẹ ti ń mu ún? Ṣé ẹ ti kú?"

"Ọmọ obìnrin yẹn tó yàgbẹ́ ńkọ́?"

"Ṣé dókítà ni mí ni?" Ó kọjú sí ọmọ náà. "Gbọ́ mi dáadáa. Ìwọ lo bu omi, ìyá ẹ ló fọ ife, kì í ṣe ẹjọ́ ilé iṣẹ́. Jáde síbẹ̀, sọ ohunkóhun tó bá wá sí ẹ lẹ́nu. Tí obìnrin yẹn bá fi lè dìde lọ láìsanwó, má wulẹ̀ wá lọ́jọ́ Mọ́ńdé, má sì béèrè owó kankan lọ́wọ́ mi."

Sísí Fíltà dúró bí igi. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wo ìyá rẹ̀. "Màámi, mi ò lè sọ ọ́. Mo bẹ̀ yín, mi ò lè sọ ọ́."

Ìyá Aránṣọ yíjú sí i. Ó wo bàtà gíga tó wà lẹ́sẹ̀ ọmọ rẹ̀, ó rí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ gìgísẹ̀. Láti ilé ìdáná, èèyàn lè rí igun pálọ̀ níbi tí ẹ̀rọ tó fi ń wé etí aṣọ máa ń wà; ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì funfun ju ibi tó kù lọ. Ó nu ọwọ́ méjèèjì sí ìdí aṣọ rẹ̀, ó jáde sí wọn.

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin èèyàn mi," ló wí. "Èmi ni mo ba nǹkan jẹ́. Ọmọ yìí ti bu omi tirẹ̀ dáadáa. Níbi tí mo ti ń sáré oúnjẹ, mo fapá gbá ife omi fíltà, ó dànù. Mo wá bu omi ẹ̀rọ rọ́pò ẹ̀, mo rò pé kò já mọ́ nǹkan kan. Omi ẹ̀rọ ló wà nínú méjèèjì. Ẹ bínú sí mi, ẹ má bínú sí ọmọ mi."

Bàbá gbójú sókè láti igun tó wà. Ó mọ̀ pé irọ́ ni, nítorí kò tíì gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu obìnrin yìí rí. Ó wá pa rédíò.

Ìyàwó Sójà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ìyá, ká ní ẹlòmíì ló sọ ọ́, ǹ bá ti dìde. Ẹ̀yin lẹ rán aṣọ ìgbéyàwó mi. Àjẹkù aṣọ tó kéré bí ìka yìí, ẹ wé e sínú bébà, ẹ dá a padà fún mi. Aránṣọ wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ láyé yìí?"

"Kò sí," ni Tíṣà wí, ara sì ti tù ú. "Èmi náà, ọ̀rọ̀ Ìyá Aránṣọ ni mo fi ra tèmi."

Ọ̀gá Táì kò fi àkókò ṣòfò. Ó wá ife oníke méjì nínú báàgì ara rẹ̀, ó bu omi tuntun, ó nu irin, ó tan iná. Lọ́tẹ̀ yìí, omi ẹ̀rọ pọ́n, omi fíltà mọ́ lóló. Ó gbé èyí tó pọ́n sún mọ́ imú Ìyàwó Sójà. "Mọ́mì, ohun tí ọmọ yín ń mu láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti bí i nìyí."

Ìyàwó Sójà bú sẹ́kún. Ó lọ sí yàrá rẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó padà. Owó ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún wà nínú ìborí kan tó so ní kókó mẹ́ta, ó sì ṣòro fún un láti tú u. Ìyá Aránṣọ ló bá a tú u. Ọ̀gá Táì gbà á, ó tì í bọ àpò, ó bọ gbogbo wọn lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Ìyá Aránṣọ, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin gan-an ló yẹ kó máa ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ̀bùn ni. Àwọn èèyàn ń gbà yín gbọ́."

Ìyá Aránṣọ fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. Ó ń palẹ̀ àwo mọ́.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, Ọ̀gá Táì tú fíltà kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ, ó kó o sínú báàgì. Ó ní ọmọ tuntun kan ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdé, òun ni yóò lò ó.

"Ó dáa, sà," ni Sísí Fíltà wí. "Owó tá a san lé e lórí ńkọ́? Mọ́ńdé la nílò ẹ̀."

"Mọ́ńdé kẹ̀? Á bá owó oṣù ẹ wá, lópin oṣù tó ń bọ̀. Ilé iṣẹ́ ní ìlànà." Ó gbá a léjìká. "O ti wọlé, ọmọ mi. Máa yọ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdé, wàá sọ fún àwọn tuntun bó o ṣe ṣe é."

Ó lọ. Kò sí ẹni tó sin ín dé ẹnu ọ̀nà. Bàbá kọjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Kí ló wà nínú ife yẹn gan-an?"

"Omi," ló dá a lóhùn.

Bàbá kò bi í mọ́. Kò béèrè oúnjẹ alẹ́ pẹ̀lú. Ìrẹsì ti tán, wọ́n gé búrẹ́dì tó kù sí ọ̀nà mẹ́ta, olúkúlùkù mú tirẹ̀, kò sí ẹni tó jẹ ẹ́ tán.

Ilẹ̀ ń ṣú bọ̀ nígbà tí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Ìyàwó Sójà ni, ó gbé ọmọ rẹ̀ sápá kan, ó mú ìgò òfìfo dání lọ́wọ́ kejì. Ọmọ náà ń ké, ohùn rẹ̀ ti ń gbẹ.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Mo ti da gbogbo omi inú ilé mi nù, títí dórí èyí tí mo sè. Wọ́n ní ó dọjọ́ Túsìdeé kí wọ́n tó wá so tèmi. Òùngbẹ ń gbẹ ọmọ yìí, ẹ̀rù sì ń bà mí láti fún un ní omi ẹ̀rọ. Ẹ bá mi bu díẹ̀ nínú omi fíltà yín."

Sísí Fíltà dìde. "Àǹtí," ló wí, "ẹ jẹ́ kí n sọ—"

"Jókòó," ni ìyá rẹ̀ wí.

Ìyá Aránṣọ gba ìgò náà. Ó wọ ilé ìdáná, ó ti ilẹ̀kùn sí ìdajì. Sísí Fíltà ń wò ó láti ibi tó wà. Ìyá rẹ̀ ṣí ẹnu ẹ̀rọ, ó bu omi náà kún dáadáa, ó dé e, ó fi aṣọ nu ara ìgò títí ó fi gbẹ. Ó gbé e jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì fún obìnrin náà.

Ìyàwó Sójà kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lápá. "Ìyá, ẹ ṣé. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ọmọ yín fojú sunkún." Ibẹ̀ náà ló ti ṣí ìgò, ó gbé e sí ọmọ lẹ́nu. Ọmọ náà mu ún wàràwàrà, ó sinmi ẹkún, ó mí kanlẹ̀. Ìyàwó Sójà ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ wò ó, ó mọ̀ pé ó yàtọ̀."

"Ó mọ̀," ni Ìyá Aránṣọ wí. "Máa wá bu ú láràárọ̀ títí wọ́n á fi so tìẹ."

Ó ti ilẹ̀kùn. Sísí Fíltà ti bọ́ aṣọ funfun, ó ká a mọ́wọ́, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Màámi, mi ò lọ mọ́. Mi ò lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdé."

"Wàá lọ." Ìyá rẹ̀ gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n, ó fi kọ́ ẹ̀yìn àga kí ó má bàa hunjọ. "Mo ti sanwó ẹ̀."